Bí ẹ ṣe máa gba ìtàn lẹ́nu bàbá tí ò fẹ́ sọ ọ́

Ẹ má kọ ìbéèrè sínú ìwé. Ohun tí èmi kọ́kọ́ ṣe nìyẹn, òun náà ló sì ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Mo ra ìwé ewé ogójì lọ́jà Àgbálátà, mo kọ ìbéèrè méjìdínlọ́gbọ̀n sí i, mo ró ìró tó mọ́, mo gbé àga síwájú Bàámi bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ẹjọ́. Ìbéèrè àkọ́kọ́: "Bàámi, irú ìyà wo lẹ jẹ nígbà tí wọ́n lé yín kúrò ní Gánà?" Wọ́n wò mí, wọ́n wo ìwé ọwọ́ mi. Wọ́n ní, "Ìyà? Ta ló sọ fún ẹ pé mo jìyà?" Wọ́n dìde, wọ́n lọ sùn. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni o.

Aránṣọ ni mí, ní Ajárá, níbí ní Àgbádárìgì. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Bàámi, àmọ́ Kúmásí ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́ télọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ Màámi, ibẹ̀ ni wọ́n bí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sí. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ pé àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú, ọ̀sẹ̀ méjì péré ló ní: kó wá ìwé náà tàbí kó kẹ́rù ẹ̀ máa lọ. Àwọn Yorùbá tó ti pẹ́ níbẹ̀, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ará Èjìgbò, ará Ọ̀fà, ará Ìlọrin, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò fojú kan ìwé tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí mo mọ̀ kò jù báyìí lọ, ohun tí gbogbo ayé lè mọ̀ náà sì ni. Èyí tí ojú Bàámi fúnra wọn rí, mo pé ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta kí n tó gbọ́ ọ.

Ẹni tó kọ́ mi bí mo ṣe rí i gbà kì í ṣe ará ibí. Nọ́ọ̀sì ni àbúrò mi ọkùnrin ní Houston, òun àti obìnrin ará Vietnam kan ni wọ́n jọ máa ń ṣiṣẹ́ òru. Obìnrin yìí ti gba ìtàn bàbá tiẹ̀ sínú fóònù kí wọ́n tó kú. Sójà ni bàbá ọ̀hún, lápá Gúúsù. Nígbà tí Saigon, olú ìlú Gúúsù, bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Àríwá tí wọ́n jọ ń jagun ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1975, wọ́n kó àwọn bàbá yìí lọ sí àgọ́ tí wọ́n ń pè ní ti àtúnkọ́. Orúkọ lásán ni, ẹ̀wọ̀n ni. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n lò níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n ta ohun tó kù nílé, wúrà ni wọ́n fi san owó ọkọ̀, wọ́n kó ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta sínú ọkọ̀ apẹja lóru, ó di ojú òkun. Àwọn tó gba orí omi sá kúrò ní Vietnam bẹ́ẹ̀ tí wọ́n sì gúnlẹ̀ sílẹ̀ onílẹ̀, láti 1975 sí 1995, tó nǹkan bí 800,000. Iye tí òkun gbé mì, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n. Erékùṣù Bidong ní Malaysia ni ọkọ̀ tiwọn gúnlẹ̀ sí ní 1979, ọdún tí nǹkan bí 40,000 èèyàn há sórí ilẹ̀ kékeré yẹn.

Ó sọ fún àbúrò mi pé ọdún méjì lòun fi bi bàbá òun léèrè, "Ó ti kọjá" ni wọ́n máa ń sọ. Àfi lọ́jọ́ kan tí àwọn méjèèjì jọ ń bó edé nínú ilé ìdáná, ló bá kàn ní, "Ba, kí ló wà lápò yín lóru ọjọ́ yẹn?" Ba ni wọ́n ń pe bàbá lápá gúúsù lọ́hùn-ún. Tí ọmọ bá sì ń bá bàbá ẹ̀ sọ̀rọ̀, kì í pe ara ẹ̀ ní "èmi", "con" ló máa ń wí, ìyẹn "ọmọ". Àwọn náà mọ àgbà. Bàbá ní ìdérí ìgò kan ló wà lápò òun. Ìdérí ìgò kẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni, òun làwọn fi ń wọn omi fún àwọn ọmọ lójú òkun, ìdérí kan láàárọ̀, ìdérí kan lálẹ́. "Ìwọ lo kéré jù. Mo máa ń da tèmi sẹ́nu ẹ." Obìnrin náà ní edé tó wà lọ́wọ́ àwọn ò bó mọ́ lọ́jọ́ náà.

Torí náà, ẹ wá nǹkan kan tó bá wọn ti ọ̀hún dé. Ó lè jẹ́ abọ́, ó lè jẹ́ àwòrán, ó lè jẹ́ àpá tó wà lára wọn. Ẹ yí ilé ká. Ẹ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ wo orí àjà. Ẹ má tíì béèrè nǹkan kan. Nǹkan tí ẹ ń wá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí tí ẹ ń lò lójoojúmọ́ tí ojú yín ò rí i mọ́.

Lọ́dọ̀ tiwa, máṣíìnì ni. Orí Singer dúdú kan, tí òdòdó aláwọ̀ wúrà ara ẹ̀ ti ń pa rẹ́, tí mo ti so mótò mọ́ báyìí, tí mo sì ń lò títí dòní. Irin ni orí yẹn, àmọ́ igi ni ẹsẹ̀ tó gbé e ró. Káfíńtà kan ló kàn án. Ẹsẹ̀ ọ̀tún tiwájú kúrú díẹ̀, èèpo àgbọn la fi gbé e kó lè dúró ire. Gbogbo irú máṣíìnì yẹn tí mo rí lọ́wọ́ àwọn télọ̀ ẹgbẹ́ mi, ẹsẹ̀ irin ló ní, pẹ̀lú ibi pẹrẹsẹ tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ nísàlẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń jókòó ti ẹsẹ̀ igi yẹn, mo ti fi orúnkún gbá a lóru tí iná lọ àìmọye ìgbà. Mi ò béèrè rí.

Ohun kejì ni pé kí ọwọ́ wọn má dilẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì ju fóònù lọ. Ta nínú wa ló ń wo ojú bàbá ẹ̀ kòrókòró? Tí ẹ bá jókòó kojú sí wọn, ẹ̀yin ń tijú, àwọn náà ń ṣọ́ra. Àmọ́ tí ẹ bá jọ ń ṣa ẹ̀wà, tí ẹ jọ ń dì okùn àwọ̀n, tí ẹ jọ ń ya àgbàdo, ojú yín á wà níbi iṣẹ́, ọ̀rọ̀ á sì máa gba ẹ̀gbẹ́ jáde. Bàámi ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ojú wọn ṣì mú láti tú òwú, torí náà tí mo bá rán nǹkan kù díẹ̀ káàtó, àwọn ni mo máa ń fún tú. Ọjọ́ náà, aṣọ ẹgbẹ́ kan ni. Iná ò sí, òjò ò rọ̀, kò sẹ́ni tó tíì tan jẹnẹrétọ̀ ládùúgbò. Mo ń fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ rán bọ́tìnnì. Mo ní, "Bàámi, ẹsẹ̀ máṣíìnì yìí dà?"

Wọ́n dákẹ́. Mo ń rán bọ́tìnnì mi lọ.

Wọ́n ní, "Ó wà lọ́wọ́ àbúrò mi."

Mi ò mọ̀ pé Bàámi ní àbúrò ní Kúmásí.

Níbi tó dé yìí ni ọ̀pọ̀ wa ti máa ń bà á jẹ́, torí náà ẹ jẹ́ n dúró díẹ̀ síbẹ̀. Ẹ má sọ pé "ẹ pẹ̀lẹ́". Ẹ má sọ pé "ẹ kú ìfaradà". Tí ẹ bá ti kí àgbà báyìí, wọ́n gbọ́dọ̀ dáhùn: "A dúpẹ́, Ọlọ́run ló ń ṣe é." Tí wọ́n bá sì ti sọ pé a dúpẹ́, ìtàn tán nìyẹn, ó ku kí wọ́n ṣàdúrà fún yín. Ẹ má sì pariwo "Háà!" Èmi gé òwú pẹ̀lú eyín mi ni, mo ní "Ẹ̀n-ẹ́n?" bí ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ọjà fún. Wọ́n bá ń bá a lọ.

Àbúrò wọn ti fẹ́ ọmọ Àṣáńtì kan, oyún obìnrin náà sì ti pé oṣù mẹ́jọ nígbà tí àṣẹ yẹn jáde. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ máa gbé orí lọ. Tí obìnrin yìí bá bímọ tán, màá gbé ẹsẹ̀ tẹ̀ lé yín." Bàámi tú èso ara máṣíìnì náà pẹ̀lú ọwọ́ ara wọn, wọ́n fi ìró Màámi wé orí ẹ̀, wọ́n gbé e rù. Màámi pọn ẹ̀gbọ́n mi. Lọ́rì láti Kúmásí dé Accra, ó di Lomé, ó di Kùtọ̀nù, ó di Àjàṣẹ́ tí àwọn mìíràn ń pè ní Porto-Novo. Àjàṣẹ́ ni owó tán sí. Ọlọ́kọ̀ àjẹ̀ kan tó ń gbé àgbàdo bọ̀ ní Àgbádárìgì gbà láti kó wọn, aago ọwọ́ Bàámi ló gbà lówó ọkọ̀. Ó ní kí wọ́n má gbé irin yẹn sílẹ̀ nínú ọkọ̀ òun o, kó má lọ lu ọkọ̀ nídìí. Ni wọ́n bá gbé e lé itan, láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́ lórí ọ̀sà. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, ẹsẹ̀ wọn ò gbé wọn. Sójà méjì tú ìró náà létí omi, torí ogun Biafra ṣì ń lọ lọ́wọ́, wọ́n rò pé ìbọn ni.

Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ ò kúkú lọ sílé, ní Ògbómọ̀ṣọ́?"

"Ta ló ń gbé orí tí ò lẹ́sẹ̀ lọ sílé?"

Wọ́n gbé máṣíìnì náà sórí àpótí lábẹ́ àtíbàbà kan ní Àgbálátà. Kò sí ibi tí wọ́n máa fẹsẹ̀ tẹ̀, torí náà ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń yí kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ọwọ́ òsì ń ti aṣọ síwájú, Màámi ń fà á lẹ́yìn. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ máṣíìnì: ẹ yí kẹ̀kẹ́ yẹn títí ẹ ó fi rán gbogbo ẹ̀gbẹ́ bùbá kan tán, kí ẹ wá sọ fún mi bí èjìká yín ṣe rí. Ọdún méjì gbáko. Gbogbo wa la mọ̀ pé apá ọ̀tún Bàámi ki ju tòsì lọ, a tilẹ̀ máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀. A rò pé bí Ọlọ́run ṣe dá wọn nìyẹn.

Nípa fóònù, kò pọ̀. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ ń gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹ má fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ bí olè. Bàámi ní, "Ṣé ó ń jẹ dátà?" Mo ní rárá. Wọ́n ní kí n máa gbà á lọ. Ẹ pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹ̀, torí ẹnì kan pè mí lórí WhatsApp nígbà àkọ́kọ́ tí mo gbà á, ibi tó gbà dúró kò ju ìṣẹ́jú mọ́kànlá lọ, èmi sì rò pé ó ń gbà á. Ẹ tẹ́ aṣọ tí ẹ ká ní mẹ́rin sábẹ́ fóònù. Ẹ má ṣe é lásìkò òjò tí páànù bá wà lórí yín. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ ọjọ́ àti ibi tí ẹ wà sínú ẹ̀. Tó bá ti ń tó ogójì ìṣẹ́jú, ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi, kódà tí ọ̀rọ̀ bá ṣì ń dùn.

Ẹ má bi wọ́n pé "ọdún wo ni?" Wọn ò mọ̀, á sì máa bí wọn nínú pé wọn ò mọ̀. Ẹ fi ohun tí gbogbo ìlú mọ̀ so ó mọ́lẹ̀. Ṣé ogun ti parí nígbà yẹn? Ìyẹn ni oṣù kìíní ọdún 1970. Ṣé a ti ń wakọ̀ lápá ọ̀tún? Ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 nìyẹn. Ṣé pọ́n-ùn ni wọ́n fi san án àbí náírà? Náírà dé ní ọjọ́ kìíní ọdún 1973. Bí mo ṣe mọ̀ pé ẹsẹ̀ igi yẹn jẹ́ ojúgbà mi nìyẹn: Bàámi ní káfíńtà náà gbé e wá ní ọ̀sẹ̀ tí gbogbo ọkọ̀ yí apá padà, tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ń wo ibi tí kò yẹ kí wọ́n wò kí wọ́n tó sọdá. Owó tí wọ́n fẹ́ fi ra ẹsẹ̀ irin, ilé ìwé ẹ̀gbọ́n mi ló gbà á.

Ẹ lo ohun tí ẹ̀yin fúnra yín rántí pẹ̀lú. Èmi rántí oṣù kìíní ọdún 1983, nígbà tí ìjọba Shagari ní kí àwọn àjèjì tí kò níwèé jáde kúrò nílùú, ọ̀sẹ̀ méjì náà ni wọ́n fún àwọn náà. Mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́wàá. Èèyàn kún ojú ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ fọ́fọ́, pẹ̀lú báàgì onílà tí a wá sọ ní Ghana Must Go, ibodè Gánà fúnra ẹ̀ wà ní títì, wọn ò ríbi lọ. Bàámi máa ń pọn omi sínú garawa, wọ́n á gbé e lọ sójú ọ̀nà láàárọ̀, wọn ò ní padà títí ọ̀sán, iṣẹ́ oníṣẹ́ á wà nílẹ̀. Mo máa ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ Twi, èdè àwọn ará Kúmásí. Mo fi gbogbo ayé mi sọ fún àwọn ọmọ mi pé bàbá yín láàánú, wọ́n fún àwọn ará Gánà lómi. Mo wá bi wọ́n lọ́jọ́ tí a gba tìyẹn: "Bàámi, kí lẹ máa ń bá wọn sọ?"

"Ta ló ti Kúmásí wá nínú wọn ni mò ń béèrè."

Bàámi ń wá ojú àbúrò wọn láàárín àwọn èèyàn yẹn ni, tàbí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti di ará Kúmásí, kí ló máa gbé e dé àárín wọn? Mi ò béèrè ìyẹn.

Ẹ gba ti ìyá yín lọ́tọ̀. Má-jọ-jókòó ni o. Tí bàbá bá wà níbẹ̀, "bí bàbá yín ṣe wí náà ni" ni wọ́n máa sọ. Màámi ní Bàámi sunkún nínú ọkọ̀ àjẹ̀ yẹn láti Àjàṣẹ́ débí. Bàámi ní omi ọ̀sà ló ń ta sí àwọn lójú. Mo gba méjèèjì sílẹ̀, mi ò ṣe adájọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí obìnrin ará Vietnam yẹn náà nìyẹn. Nígbà tí bàbá ẹ̀ dé Texas, edé ni wọ́n lọ ń pa ní Galveston Bay. Tí ó bá béèrè nípa ọdún 1981, wọ́n á ní edé ò wọlé dáadáa lọ́dún yẹn. Ẹnu ìyá ẹ̀ ló ti gbọ́ pé ọdún yẹn ni àwọn Ku Klux Klan, ẹgbẹ́ aláwọ̀ funfun tó kórìíra àwọn ẹ̀yà míì, ń dúnkokò mọ́ àwọn apẹja ará Vietnam, tí wọ́n dáná sun ọkọ̀, tí bàbá ẹ̀ sì ń sùn sínú ọkọ̀ tiwọn lálaalẹ́ kí wọ́n má bàa sun ún. Àwọn apẹja náà pè wọ́n lẹ́jọ́, adájọ́ obìnrin aláwọ̀ dúdú kan, Gabrielle McDonald, ló sì pàṣẹ pé kí Klan jáwọ́ lára wọn. Àbúrò mi ní òun ti gbé Houston fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹnu obìnrin yẹn lòun ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ohun kan wà tí Bàámi sọ, tí wọ́n wá ní, "Àbẹ̀kẹ́, yọ ìyẹn kúrò." Mo mú fóònù síwájú wọn, mo pa á rẹ́ lójú wọn, mo jẹ́ kí wọ́n rí i pé kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má pa èyí tó wà níwájú rẹ́ kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ síbìkan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn fúnra wọn ló tún un sọ, ó sì gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Tí ẹ bá ti gbà á tán, ẹ fi ọjọ́ àti ohun tó dá lé lórí sọ fáìlì náà lórúkọ, ẹ fi ránṣẹ́ sí ọmọ ìyá yín kan tí ò gbé ìlú kan náà pẹ̀lú yín, kí ẹ tún fi sí mẹ́mọ́rì káàdì. Fóònù ń jábọ́ sómi. Tí ẹ bá ń kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ kọ ọ́ bí wọ́n ṣe wí i. Èmi kọ́kọ́ ń tún Yorùbá Bàámi ṣe bí ti oníròyìn orí rédíò, nígbà tí mo kà á fún wọn, wọ́n bi mí pé ta ló ń sọ̀rọ̀. Tí èdè míì bá sì wà níbẹ̀, ẹ má yọ ọ́ torí pé kò yé yín. Bàámi ṣì ń ka owó ní Twi tí iye náà bá pọ̀: baako, mmienu, mmiɛnsa. Gbogbo ẹ̀ wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ tí a gbà á kẹ́yìn, wọ́n ní kí n gbé fóònù sún mọ́ àwọn. Wọ́n sọ Twi sínú ẹ̀, kò tó ìṣẹ́jú kan, wọ́n ní ó tó, wọ́n padà sídìí òwú tí wọ́n ń tú. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n sọ, wọ́n ní kì í ṣe èmi làwọn ń bá sọ̀rọ̀. Mo gbé e lọ bá ìyá ará Gánà kan tó ń ta kenkey lójú ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀. Ó nu ọwọ́ ẹ̀, ó gbé fóònù sétí, ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì.

Ó ní, "Bàbá yín ń kí ẹnì kan. Wọ́n ní kó máa fi epo sí ẹsẹ̀ máṣíìnì, kó má dógùn-ún."